Taya ló dá mi dúró: bí mo ṣe yan alùpùpù ńlá mi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún

Owó tí mo ná lórí taya méjì péré tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mo fi ra alùpùpù náà fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni alùpùpù ọ̀hún sì fi dúró lábẹ́ tápólì ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbàdàn kí n tó lè gùn ún bó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ká mi lára, nítorí pé odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi gba ìmọ̀ràn kiri kí n tó yọ owó sílẹ̀, n kò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó sọ fún mi pé kí n wo nọ́ńbà tó wà lára taya. Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wọn ń sọ, eré ni wọ́n ń sọ, àwọ̀ ọ̀dà ni wọ́n ń sọ.

Kì í ṣe pé n kò mọ alùpùpù í gùn. Láti 1996 títí di 2007, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Òkè-Ògùn, Honda CG125 ni mo ń gùn láti Ìsẹ́yìn lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní abúlé, mo sì lè tú kabúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀ kí n tò ó padà láì pe mẹkáníìkì. Nígbà tí ìyàwó mi bí ìbejì, ó ní òun kò fẹ́ rí mi lórí máṣíìnì mọ́. Mo gbà fún un, mo ra mọ́tò, n kò sì gun ohunkóhun tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni ìfẹ́ rẹ̀ tún jí nínú mi. Mo ti ń wádìí lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí lítà epo tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 sì di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló wá sọ ní alẹ́ ọjọ́ kan pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ kúkú lọ ra máṣíìnì tí ẹ ń wò nínú fóònù yẹn.”

Àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní kí n ra irú èyí tó ní pístìnì mẹ́rin, tó jẹ́ 600cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), tí ẹni tó ń gùn ún máa ń dojú bo táǹkì epo bí ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀. Mo jókòó lórí ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì sì ti ń ro mí. Ẹ́ńjìnnì irú wọn kì í yọ gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ àfi tó bá ń yí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, n kò sì mọ títì tí ènìyàn ti fẹ́ rí àyè bẹ́ẹ̀ láàárín Bódìjà àti Dùgbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tirẹ̀ gbà mí láyè lórí alùpùpù 1200cc tí ó fi ń rìn ìrìn àjò, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló kan ilẹ̀, bí mo sì ti gbé e dúró báyìí ni gbogbo ẹrù rẹ̀ ń fà mí lọ sí apá òsì. Mo bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Suzuki SV650 ni mo wá yàn, mo sì ń fi yíyàn náà yangàn títí di òní. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, àwọn tó jáde láti 2003 kò sì lo kabúrétọ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 645cc, pístìnì méjì tó ya ara wọn bíi lẹ́tà V ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó họ́sìpáwà 70, nígbà tí ti CG125 mi àtijọ́ kò ju nǹkan bíi 11 lọ. Ohun tó mú mi lọ́kàn ni pé kò dìgbà tí ènìyàn bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà pariwo kó tó fà. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gbé ènìyàn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi ti máṣíìnì tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ agbára rẹ̀ pọ̀ ju tiyẹn lọ fíìfíì. Ìjókòó rẹ̀ fi nǹkan bíi 800 mílímítà ga sílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì sì tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Fún ẹni tó ti pẹ́ tó ti gùn kẹ́yìn, kíkan ilẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju eré lọ, nítorí ojú kan tí alùpùpù bá dúró sí ni ó sábà máa ń wó, kì í ṣe ibi tó ti ń sáré.

Ọ̀rọ̀ ìwé aṣọ́bodè, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ onípele A kò gba àlàyé. Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí mọ ọ̀nà rẹ̀. Kí ẹ sáà rí i pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn férémù bá ti inú ìwé mu. Mo san owó ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹfà, fún alùpùpù tí wọ́n ṣe ní 2005, wọ́n sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá fún mi láti Èkó. Ọkùnrin tó tà á fún mi fi ọwọ́ gbá taya ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo eyín rẹ̀ bó ṣe jinlẹ̀. Tuntun ni.” Òótọ́ ni pé eyín taya náà jinlẹ̀. Èmi náà sì fi ojú ara mi rí i, mo gbà á gbọ́.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta. N kò tíì gòkè dé Mókọ́lá, n kò sì sáré rárá, nígbà tí taya ẹ̀yìn yọ̀ lábẹ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ilá. Mo rọra gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, n kò ṣubú, ṣùgbọ́n àyà mi já. Mo tì í lọ sọ́dọ̀ bàbá fọkanáísà kan tó ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń gbé mọ́tò mi wá. Bàbá náà fi èékánná àtàǹpàkò tẹ rọ́bà taya náà, èékánná kò wọlé. Ó ní kí n tan iná fóònù mi, ó sì fi ìka tọ nọ́ńbà mẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya: 3409. “Tíṣà, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 2009 ni wọ́n ṣe taya yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Kì í ṣe pé kò jẹ, kò rìn ni.”

Ohun tó fa eyín jíjinlẹ̀ náà nìyẹn. Alùpùpù náà ti dúró sí ojú kan fún ọdún púpọ̀ ní òkè òkun, kò jẹ taya, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ó ń gbẹ, ó ń le, kò sì ní lè di ilẹ̀ mú nígbà tí omi bá wà lójú títì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń kìlọ̀ fún wa ní orílẹ̀-èdè yìí pé kí a má ṣe lo taya kọjá. Gbogbo wa ni a ń ka nọ́ńbà yìí lára taya mọ́tò, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì ń dá wa dúró nítorí rẹ̀, síbẹ̀ kò sọ sí mi lọ́kàn pé kí n kà á lára alùpùpù. Kìlómítà kékeré tí wọ́n fi ń polówó ọjà fún mi gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fu mí lára.

Mo rò pé ìṣòro ọjọ́ méjì ni. Ìwọ̀n taya ẹ̀yìn SV650 tèmi jẹ́ 160/60, tó ń wọ jáǹtì (irin tí taya ń wọ̀) íǹṣì 17, èyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Ti iwájú ló di wàhálà, nítorí 120/60 ni Suzuki fi sí i nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni 120/70 ni ọ̀pọ̀ jùlọ alùpùpù ńlá ń lò níwájú. Mo lọ sí Gate ní Ìbàdàn, wọ́n gbé 120/70 fún mi. Mo lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó, wọ́n gbé 120/70 fún mi. Mo dé Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, ọmọdékùnrin kan sáré wọ inú ilé ìkẹ́rùsí, ó sì fi ìdùnnú gbé 120/70 jáde. Níbi kan, wọ́n ní àwọn ní 120/60, wọ́n ní kí n san owó àsansílẹ̀, mo san án. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, taya tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi jẹ́ 120/60 lóòótọ́, inú ọ̀rá tó ń dán ló wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́fà. Mo dá a padà, àríyànjiyàn ọ̀sẹ̀ méjì ló sì gbà kí n tó rí owó mi.

Gbogbo àwọn ọlọ́jà ló ní kí n gba 120/70, pé á wọlé. N kò jiyàn pé kò ní wọlé, mo sì mọ àwọn tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ taya ní mílímítà, èkejì ni ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdá 60 nínú 120 jẹ́ mílímítà 72, ìdá 70 jẹ́ mílímítà 84. Iwájú alùpùpù mi yóò fi mílímítà 12 ga ju bí wọ́n ti ṣe é lọ, bí ó ṣe ń yà yóò sì yí padà. Ẹni tó ń gùn ún lójoojúmọ́ lè fara mọ́ èyí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà kọ́ bí a ṣe ń yà kò fẹ́ fi alùpùpù tí kò sí ní ipò rẹ̀ kọ́ ọ. Mo ta kú.

Àbúrò mi tó wà ní London ló gbà mí. Wákàtí kan ló fi rí taya méjèèjì rà níbẹ̀, ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wá kiri nílé. Àmọ́ ẹ rántí pé oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀. Iye tí mo ti ṣírò nígbà tí mo ń ra alùpùpù kọ́ ni iye tí mo san fún àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ni iye tí ẹni tó ń bá wa kó ẹrù kọ́kọ́ pè kọ́ ni iye tó gbà nígbà tí ẹrù dé. Mo san án tìbínú-tìbínú. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan fi irin yọ taya, tó ha jáǹtì mi lára, tó sì wọ taya iwájú ní òdì-kejì ọfà tó ń tọ́ka ibi tó yẹ kó máa yí sí. A tú u, a tún un wọ̀. Èmi fúnra mi ni mo dúró ti ìwọ̀n afẹ́fẹ́: PSI 33 níwájú, 36 lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìwé Suzuki ti wí, kì í ṣe bí ọwọ́ ti rò ó.

Tí mo bá tún fẹ́ yan alùpùpù lónìí, máa kọ́kọ́ kọ ìwọ̀n taya rẹ̀ sínú ìwé, máa gbé e lọ sí ọjà, máa sì béèrè bóyá ó wà nílẹ̀ kí n tó bá ẹnikẹ́ni ná iye owó alùpùpù. Máa yọ owó taya méjì kúrò nínú iye tí mo fẹ́ san. Máa sì ra akoto tó ní àmì ECE, ìyẹn àmì pé wọ́n ti dán ààbò rẹ̀ wò, ṣáájú gbogbo rẹ̀, nítorí pé èyí tí wọ́n fi sí i fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ kò wúlò fún ju kí ọmọdé fi ṣeré lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án ni mo tó gbé e jáde. Pápá ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo kọ́kọ́ lọ ní òwúrọ̀ Sátidé mẹ́ta, mo ń fi bíréékì kọ́ra, nítorí pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń dá CG125 mi dúró láyé ìjọ́un, bẹ́ẹ̀ sì ni bíréékì iwájú, tí à ń fi ọwọ́ rọra fún, ló ń dá alùpùpù ńlá dúró, torí iwájú ni gbogbo ẹrù máa ń wọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni mo gba títì Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, níbi tí òjò ti bá mi ní agbede méjì ọ̀nà. Taya náà di ilẹ̀ mú. Mo ti kọ 120/60 àti 160/60 sí ẹ̀yìn ìwé ọkọ̀ mi, mo sì ti sọ fún àbúrò mi pé bí 2027 bá dé, kó tún máa retí ìpè mi.