Mo ka ìwé A+ tán mo ṣì féèlì, ìwé wo ni kí n rà báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ni mo bá ní kí n lọ ṣe ìdánwò CompTIA A+ kí èmi náà lè ní sátífíkéètì tí mo lè fi han èèyàn. Mo ra ìwé gbàǹgbà kan, ó lé ní 1000 ojú ewé, oṣù mẹ́rin ni mo fi kà á láti páálí dé páálí, mi ò fo nǹkan kan. Mo wá jókòó ṣe Core 1, ìyẹn ọ̀kan nínú ìdánwò méjì tó wà nínú A+, 641 ni mo gbà, 675 ni wọ́n fi ń pàásì. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ìwé wo ló dáa jù tí mo lè rà báyìí kí n má bàa tún féèlì?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Owó ìdánwò yẹn kì í ṣe owó kékeré, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. Ṣùgbọ́n má tíì ra ìwé kankan o. Tí oníbàárà bá gbé láptọ̀ọ̀pù tí ò tàn wá bá ẹ, tó ní kó o ṣáà bá òun pààrọ̀ bátìrì ẹ̀, ṣé wàá kàn pààrọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Wàá kọ́kọ́ wò ó bóyá iná tiẹ̀ ń wọlé, bóyá ṣájà ló kú. Bó ṣe yẹ ká ṣe tìẹ náà nìyẹn. Nǹkan méjì ni kó o sọ fún mi. Kóòdù wo ló wà lára páálí ìwé ẹ, ìyẹn èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 220, kóòdù wo sì ni ti ìdánwò tó o ṣe? Ìkejì, ìwé èsì tí wọ́n fún ẹ lẹ́yìn ìdánwò, kí ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀?

Ìbéèrè: Háà, 220-1101 ló wà lára ìwé mi, 220-1201 sì ni mo ṣe. Mo rò pé nọ́ńbà tí àwọn tó tẹ ìwé ń fi síbẹ̀ lásán ni. Ìwé èsì yẹn, inú ló bí mi tí mo fi ká a sínú báàgì látọjọ́ yẹn, ìgbà tẹ́ ẹ béèrè ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Wọ́n to nọ́ńbà àwọn ibi tí mo ti ṣì í síbẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 ló pọ̀ jù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 ló tẹ̀ lé e, ti 3 ò ju ẹyọ kan lọ.

Ìdáhùn: Ó dáa, a ti ń rí ibi tó ti ń jò. Nọ́ńbà ara páálí yẹn kì í ṣe lásán rárá. Bí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni CompTIA máa ń pààrọ̀ ìdánwò A+, kóòdù yẹn lèèyàn sì fi ń mọ èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Èyí tó parí pẹ̀lú 1 ni Core 1, èyí tó parí pẹ̀lú 2 ni Core 2. 220-1001 àti 220-1002 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2019, 220-1101 àti 220-1102 gbapò wọn ní oṣù kẹrin 2022, nígbà tó di oṣù kẹta 2025 ni 220-1201 àti 220-1202 jáde, wọ́n wá kásẹ̀ 1101 àti 1102 nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Ṣó o rí i pé oṣù bíi mélòó kan wà tí ti àtijọ́ àti tuntun jọ ń lọ pọ̀? Àsìkò yẹn gan-an lèèyàn máa ń ra ìwé tó ti fẹ́ kógbá sílé. Èmi náà jìn sí kòtò yẹn rí, ẹni tó ta ìwé fún mi ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sì béèrè, ìgbà tí mo dé iwájú kọ̀ǹpútà ìdánwò ni mo rí àwọn nǹkan tí mi ò pàdé rí láyé mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo kóòdù yìí fún gbogbo ẹni tó bá bi mí.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, mi ò gbà pé kóòdù nìkan ló gbé ẹ ṣubú. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú tuntun, RAM ṣì ni RAM, port 3389 ṣì ni ti Remote Desktop, ìyẹn lílo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn. Wo nọ́ńbà tó o kà fún mi. 5 yẹn, wíwá ohun tó bà jẹ́ lára hardware àti nẹ́tíwọ̀kì ni, òun nìkan kó 28 nínú 100 ìdánwò Core 1. 2 ni nẹ́tíwọ̀kì fúnra ẹ̀, 23 ni tiẹ̀. Tó o bá rò ó pọ̀, 51. Hardware tó jẹ́ 3 gba 25, láptọ̀ọ̀pù àti fóònù gba 13, cloud àti virtualization gba 11 tó kù. Ìdajì ìdánwò àti díẹ̀ lé lo ti ń jìjàkadì.

Ohun tó sì ká mi lára nìyí, ẹni tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ọdún méjì kọ́ ló yẹ kó ṣubú níbi 5. Mo fura pé ìwé yẹn ń sọ fún ẹ ohun tí nǹkan jẹ́, ìdánwò sì ń bi ẹ́ ní ohun tó o máa ṣe. Bí àpẹẹrẹ, ìwé á sọ pé àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 ni wọ́n ń pè ní APIPA, o há a sórí, ó parí. Ìdánwò ò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ẹnì kan láti ọ́fíìsì pè, íntánẹ́ẹ̀tì ò lọ lórí kọ̀ǹpútà òun, o wò ó, o rí 169.254 níbẹ̀, àwọn tó jókòó tì í náà ń rí irú ẹ̀, kí lo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Tí o ò bá mọ̀ pé ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yẹn béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ DHCP, ìyẹn ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ̀kì, tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, wàá kàn máa wo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi pé gbogbo wọn ló jọra.

Ìbéèrè: Áà, òótọ́ lẹ sọ, bí àwọn ìbéèrè yẹn ṣe rí gan-an nìyẹn. Báwo ni mo ṣe máa wá dá ìwé tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ mọ̀ kí n tó sanwó? Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ sára páálí pé àwọn làwọn dáa jù.

Ìdáhùn: Má ka páálí. Lọ sórí wẹ́ẹ̀bù CompTIA, kó o gba exam objectives ti 220-1201 sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ohun tí ìdánwò dá lé lórí ni wọ́n to síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, nọ́ńbà kan náà tó wà lórí ìwé èsì ẹ. Wá fojú sí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti kọ "Explain", kó o lè ṣàlàyé nǹkan yẹn ló ṣe pàtàkì, ibi tí wọ́n bá ti kọ "Compare and contrast", ìyàtọ̀ ni wọ́n ń wá, ibi tí wọ́n bá ti kọ "Given a scenario", iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹ. Yíká gbogbo "Given a scenario" pẹ̀lú bírò pupa, wàá rí i bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.

Ìwé tó o bá fẹ́ rà, wá ibi tí wọ́n ti jẹ́ kéèyàn ka ojú ewé díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kó o yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní o, orí kìíní gbogbo ìwé ló máa ń dùn. Lọ tààrà sí ibi tó ń dà ẹ́ láàmú, wo ohun tí wọ́n kọ nípa pírìńtà lésà. Tí wọ́n bá kàn to orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀ sílẹ̀, gbé e sílẹ̀. Ìwé tó dáa á sọ fún ẹ pé tí ọwọ́ bá ra tóńà kúrò lórí pépà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, fuser ni kó o yẹ̀ wò, torí òun ló ń fi iná yọ́ tóńà mọ́ pépà. Lẹ́yìn náà, ka ibi tí ìwọ fúnra ẹ ti mọ̀ dáadáa, kó o fi dán ẹni tó kọ ọ́ wò. Ìwé tó bá sọ pé RAM DDR4 àti DDR5 ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì jọ ní pin 288, tó dákẹ́ síbẹ̀, tí kò sọ pé ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀ síra débi pé ìkan ò lè wọ ihò èkejì, ẹni tó kọ ọ́ ò fọwọ́ ara ẹ̀ ki RAM bọ inú kọ̀ǹpútà rí lójú tèmi.

Ó tún ku ọ̀kan, òun ni mo sì kà sí jù. Ṣí ibi ìdáhùn àwọn ìbéèrè tó wà lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ "C ni" nìkan ni wọ́n kọ, kì í ṣe ìwé tìẹ nìyẹn. Tí wọ́n bá ṣàlàyé ìdí tí A, B àti D kò fi lè jẹ́, o ti ríwèé rà, torí níbi tó o ti ń kà nípa ìdáhùn tí kì í ṣe òun lo ti máa kọ́ nǹkan mẹ́ta míì.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n fi ìwé sílẹ̀, pé fídíò ti tó. Ẹlòmíì ní ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ti gé kúrú ni kí n wá.

Ìdáhùn: Fídíò dáa, pàápàá tó o bá fẹ́ fojú rí bí wọ́n ṣe ń fi orí sí kébù, àmọ́ fídíò máa ń tan èèyàn jẹ, wàá máa mi orí pé ó yé ẹ, tí wọ́n bá ní kó o sọ ọ́ o ò ní rí i sọ. Ìwé pẹlẹbẹ ti ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n ń lò ó. Lójú tèmi, ìwé ńlá kan tí kóòdù ẹ̀ bá ti ìdánwò mu, pẹ̀lú ìwé ìbéèrè kan tí kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé ńlá yẹn ló kọ ọ́, kó o lè gbọ́ ohùn méjì.

Ìbéèrè: Ẹ má bínú o ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ní ìbéèrè ìdánwò gangan lọ́wọ́, wọ́n ń pè é ní dump.

Ìdáhùn: Mo bẹ̀ ẹ́, má fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè tí wọ́n jí gbé ni, CompTIA kà á sí màgòmágó, wọ́n lè fagi lé èsì ẹ, wọ́n sì lè gba sátífíkéètì yẹn padà lọ́wọ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn inú ẹ̀ ni kò tiẹ̀ tọ̀nà. Ìwọ tó o ti fi ọdún méjì fọwọ́ ara ẹ kọ́ṣẹ́, ó ti sún mọ́ ẹ jù láti lọ bà á jẹ́ báyẹn, àní ó ku 34 péré.

Ìbéèrè: Mo ti gbọ́, mi ò ní gbà á. Àkókò tún dá mi láàmú, àwọn ìbéèrè tí wọ́n ti ní kéèyàn fa nǹkan síbi tó yẹ, bíi mẹ́rin, níbẹ̀ ni mo ti lo nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ìdáhùn: Ìyẹn gan-an lè jẹ́ 34 tó kù ẹ. Ìbéèrè ò lè ju 90 lọ, ìṣẹ́jú 90 ni, o ti fún mẹ́rin ní ìdámẹ́ta ẹ̀. Iwájú ni wọ́n sábà máa ń to wọn sí. Tó o bá débẹ̀, sàmì sí i, fò ó, lọ dáhùn àwọn kúkúrú tán, kó o wá padà síbẹ̀. Ìwé nìkan ò sì lè gbà ẹ́ níbi ìyẹn, bó ti wù kó dáa tó. Wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan, tú u, tò ó padà. Fi VirtualBox, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kéèyàn ní kọ̀ǹpútà míì nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀, sórí èyí tó ò ń lò, ọ̀fẹ́ ni, kó o máa gbé Windows sínú ẹ̀, kó o máa bà á jẹ́, kó o máa tún un ṣe. Wọ inú router ilé ẹ, yí DHCP pa fúngbà díẹ̀, kó o fojú ara ẹ rí 169.254 yẹn, o ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n padà lọ ṣe é? Ṣé kí n ti ra ìwé Core 2 mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ní kó o dúró dè, ìkẹta ni wọ́n á ní kó o dúró ó kéré tán ọjọ́ 14, gbogbo ẹ̀ ló sì jẹ́ owó tuntun, torí náà má fi ìbínú lọ. Máa ṣe ìbéèrè tó o kò rí rí, tó o bá ń gba bíi 85 nínú 100 níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, lọ. Èyí tó o ti ṣe tẹ́lẹ̀ ò kà, orí ẹ ti há ìdáhùn ẹ̀.

Core 2, tí o bá rí ìwé tó kó méjèèjì pọ̀ tó sì yege níbi àyẹ̀wò tí mo sọ lókè, rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Kó ṣáà jẹ́ 220-1202 o, wọn ò ní gba 1201 mọ́ 1102 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. 700 ni wọ́n fi ń pàásì ibẹ̀, operating system gba 28, ààbò gba 28, àtúnṣe software 23, ìlànà iṣẹ́ 21, wọ́n sì ti fi ìpìlẹ̀ AI kún un, ìwé àtijọ́ ò ní ìyẹn nínú. Má jẹ́ kó pẹ́ láàárín méjèèjì, tí wọ́n bá ti kásẹ̀ kóòdù yìí nílẹ̀ tí Core 2 ṣì kù, Core 1 tó o pàásì yẹn ò wúlò mọ́ nìyẹn.

Tó o bá ti rí ìwé méjì tàbí mẹ́ta tó wù ẹ́, ya fọ́tò ojú ewé tí wọ́n to orí ìwé sí àti ojú ewé ìdáhùn kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó sanwó, màá bá ẹ wò ó.