Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kọ̀ lórí Python tuntun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé iṣẹ́ kan kúrò lórí Python 3.11 bọ́ sórí 3.13. Bí mo ṣe ní kó ṣiṣẹ́, ohun tó kọ síta ni `ModuleNotFoundError: No module named 'cgi'`. Mo ti yọ Python kúrò, mo tún un gbé sórí ẹ̀rọ, ibì kan náà la ṣì wà. Ṣé ẹ̀rọ mi ló ní àléébù ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ̀rọ yín kò ṣe nǹkan kan. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé Python sórí ẹ̀rọ tí `cgi`, módù (àkójọ kóòdù tí a lè pè lò) tó ń ka ohun tí èèyàn fi ránṣẹ́ láti ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, máa padà wá, torí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú Python 3.13 tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Òun nìkan kọ́ ló lọ. Módù 19 ni wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ ìpinnu tí wọ́n ń pè ní PEP 594: `telnetlib` wà níbẹ̀, `crypt` wà níbẹ̀, `imghdr` tí àwọn èèyàn fi ń mọ irú àwòrán tó wà nínú fáìlì náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbó, ohun tó dára jù wọ́n lọ sì ti wà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Bí iṣẹ́ oníbàárà bá ti ń lé yín léré, ẹ tẹ `pip install legacy-cgi`. Orúkọ tí kóòdù yín ń pè náà ló ń jẹ́, kò sí ìlà tí ẹ máa yí padà. Bí àyè bá wà, ẹ kúkú kúrò lórí rẹ̀. `urllib.parse.parse_qsl` máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ `FieldStorage` tó wà nínú `cgi` fún ìbéèrè GET (èyí tí ohun tí èèyàn fi ránṣẹ́ máa ń wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé).

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n mo ka ojú ìwé "What's New", níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó yí padà nínú Python kọ̀ọ̀kan, kí n tó ṣí lọ. Àwọ̀ mèremère tó wà lójú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ ni mo rí. Ibo ló yẹ kí n wò?

Ìdáhùn: Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí inú àwọn tó ṣe é ń dùn sí ló máa ń wà lókè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó lè ba iṣẹ́ yín jẹ́ wà lábẹ́ "Removed" (ohun tí wọ́n yọ) àti "Porting to Python 3.13" (ohun tí ẹ máa tún ṣe kí kóòdù yín lè ṣiṣẹ́ lórí 3.13). Abala méjèèjì yìí ni mo máa ń kà tán kí n tó fojú kan ohun tuntun kankan. Lábẹ́ "Removed" yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ ohun tí a lè fi rọ́pò módù kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fò nìyí: ẹni tó bá kúrò lórí 3.11 lọ sórí 3.13 gbọ́dọ̀ ka ti 3.12 pẹ̀lú. Ojú ìwé 3.13 kò ní tún ohun tí 3.12 ti yọ sọ. Inú 3.12 ni wọ́n ti yọ `distutils`, `imp` àti `asyncore`, àti `assertEquals` tí àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ kún fún. Bí ó bá jẹ́ `distutils` ló kọ́kọ́ pariwo, ẹ gbé `setuptools` sínú venv yín (àyè tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní àwọn módù tirẹ̀), torí láti 3.12, `setuptools` kì í bá venv tuntun wá mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọn ò kìlọ̀ fún wa ṣáájú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wọ́n kìlọ̀. Láti Python 3.11, ní ọdún 2022, ni ìkìlọ̀ ti wà lórí àwọn módù yẹn. O kò rí i ni, torí Python máa ń fi `DeprecationWarning`, ìyẹn ìkìlọ̀ pé wọn kò fẹ́ kí a máa lo ohun kan mọ́, pamọ́ àyàfi tó bá jẹ́ pé inú fáìlì tí o pè tààrà ló ti ṣẹlẹ̀. Bí ó bá wà nínú fáìlì mìíràn tí ìyẹn ń pè, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Tẹ èyí, kí o fi orúkọ fáìlì rẹ rọ́pò `isiro.py`:

`python -W default isiro.py`

Bí o bá ń lo `utcnow` lórí 3.12, ohun tí wàá rí nìyí:

`DeprecationWarning: datetime.datetime.utcnow() is deprecated and scheduled for removal in a future version. Use timezone-aware objects to represent datetimes in UTC: datetime.datetime.now(datetime.UTC).`

Fara balẹ̀ kà á. Ó sọ ohun tó ń lọ, ó sọ pé ó ń lọ lóòótọ́, ó sì fi ìlà tí wàá kọ dípò rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ìkìlọ̀ yìí gan-an. Àkọsílẹ̀ tó bá ní "a ti yọ ọ́" tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Níbi tí o ti ń ṣe àyẹ̀wò kóòdù, lo `-W error::DeprecationWarning`, kí ìkìlọ̀ di àṣìṣe kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ìbéèrè: Tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 3.12 ń kọ `SyntaxWarning: invalid escape sequence '\d'`.

Ìdáhùn: Ẹ fi `r` ṣáájú ọ̀rọ̀ náà: `r"\d+"`. Ìkìlọ̀ yìí ti wà láti 3.6, ìpamọ́ ló wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi falẹ̀, wọ́n ti sọ pé yóò di àṣìṣe pátápátá lọ́jọ́ iwájú.

Ìbéèrè: Mo fi parameter kan kún function kan nínú CPython, kóòdù tí wọ́n fi ṣe Python fúnra rẹ̀. Ẹni tó yẹ iṣẹ́ mi wò ní kò sí NEWS, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìyípadà, níbẹ̀. Ibo ni mo máa kọ ọ́ sí, kí sì ni mo máa kọ?

Ìdáhùn: Ibi mẹ́ta ni, òǹkàwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ni wọ́n. Ẹ tẹ `blurb add`, ẹ fi nọ́ńbà ìṣòro náà àti abala tó kàn sí i, yóò sì ṣe fáìlì kékeré kan sínú `Misc/NEWS.d/next`. Olúkúlùkù ló ń ní fáìlì tirẹ̀ torí pé nígbà tí gbogbo èèyàn ń kọ sínú NEWS kan ṣoṣo, iṣẹ́ ẹni kan kì í yé forí gbárí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `.. versionchanged:: next` sábẹ́ àlàyé function náà fún ẹni tó bá ń wá a ní ọdún márùn-ún sí i. "What's New" wà fún ohun tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn, parameter tuntun sì yẹ níbẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa kọ, ẹ bá ẹni tí kò rí kóòdù yín rí sọ̀rọ̀. Ká ní `ka_ojo()` ni function yín. "A tún `ka_ojo` ṣe" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Bí ọjọ́ bá ṣófo, `ka_ojo()` á dá `ValueError` sílẹ̀ báyìí, kò ní dá `None` padà mọ́": ẹni tó ti ń yẹ `None` wò nínú kóòdù rẹ̀ á mọ ìlà tó máa lọ tún ṣe.

Ìbéèrè: Bí ó bá jẹ́ àtúnṣe àléébù lásán ńkọ́?

Ìdáhùn: NEWS ti tó. Àfi tí kóòdù ẹlòmíràn bá ti gbára lé àléébù yẹn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ "Porting", kí ẹ fi ìlà àtijọ́ àti ìlà tuntun síbẹ̀ pọ̀.