Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó
Ẹ̀yin ará mi tí ẹ kò ríran, tí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílé, ẹ má tíì béèrè iye ìkànnì tó ní. Ṣé àpótí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé, ṣé ó ń ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n síta? Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Mo ti ra ọ̀kan rí tó yadi pátápátá. Ńṣe ni mò ń ka iye ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì kí n tó dé ibi ìròyìn. Bí wọ́n bá sì ti tún àwọn ìkànnì tò, mo sọnù nìyẹn.

Ẹ dán an wò níbi tí wọ́n ti ń tà á. Lórí Fire TV, ìyẹn ti Amazon, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn àti ti mẹ́nù pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2, VoiceView, ìyẹn ohùn tó ń kàwé síta lórí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. VoiceOver ni ti Apple TV. Ẹ wọ inú áàpù tí ẹ máa lò gan-an o, torí ohùn lè já gaara níta kó sì dákẹ́ tí ẹ bá wọlé.

Ohùn tó ń ṣàlàyé àwòrán fíìmù tún yàtọ̀ síyẹn. Netflix ti ń ṣe é láti ọdún 2015, ibi tí wọ́n ti ń yan èdè ló wà. Ẹ fọwọ́ pa rìmóòtù náà wò pẹ̀lú: tí gbogbo bọ́tìnnì bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ fi í sílẹ̀.