Bí mo ṣe rí net ionic equation yanjú (Pb(NO₃)₂ àti KI)

Ọpẹ́ o, net ionic equation (ìdọ́gba tó ń fi kìkì àwọn ion, ìyẹn àwọn èérún tó ní charge, tó kópa nínú ìyípadà hàn) tó ń dà mí láàmú ti yanjú. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá kọ ọ́, gbogbo àwọn ion ló máa ń gé ara wọn dànù, nǹkan kan ò ní ṣẹ́kù. Mo há solubility table (àtẹ àwọn iyọ̀ tó ń yòrò sómi àti èyí tí kì í yòrò) sórí, mo wo fídíò, pàbó. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni pé kí n kọ́kọ́ báláǹsì ẹ̀, kí n wá kọ (aq), ìyẹn èyí tó yòrò sómi, àbí (s), ìyẹn èyí tó le, sẹ́yìn kálukú wọn kí n tó tú ohunkóhun sí ion, torí àwọn iyọ̀ tó jẹ́ (aq) nìkan la máa tú, PbI₂ tó jẹ́ (s), gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹ́lò tó lọ sísàlẹ̀ yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. K⁺ àti NO₃⁻ wà lápá méjèèjì, ẹ fagi lé wọn. Ó ku:

Pb²⁺(aq) + 2I⁻(aq) → PbI₂(s)

Ẹ ka charge: +2 àti −2, òdo, apá ọ̀tún náà, òdo. AgNO₃ pẹ̀lú NaCl náà gbà bẹ́ẹ̀. Tí weak acid (ásíìdì tí kì í tú tán sí ion nínú omi) bá wà níbẹ̀ ṣá, mi ò tíì dán an wò.