Gbólóhùn kékeré, etí púpọ̀: bí ẹ ṣe máa dá iye lé ohùn yín

Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń gé owó àwa tí à ń fi ohùn ka ìpolówó àti ìkéde jù nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni: "Ṣebí gbólóhùn kan péré ni?" Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín jiyàn lórí bó ṣe gùn tó. Etí tí ohùn náà máa dé ni wọ́n ń rà, àti iye ọjọ́ tí yóò fi máa dé ibẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo àbúrò tó ń wọ iṣẹ́ yìí nìyẹn, ì báà ṣe ará Kétu, ì báà ṣe ará Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ wo gbólóhùn tí wọ́n ń gbé sórí fóònù ilé iṣẹ́: "Fún èdè Yorùbá, ẹ tẹ ẹ̀ta." Ará Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó yé e, ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò sì gbọdọ̀ rò pé àlejò ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Bí mo bá sáré kúrò lórí "ẹ̀ta" yẹn, ẹni tó dúró sínú ariwo ọjà Ouando á gbọ́ "ẹ̀fà", á sì tẹ ibi tí kò yẹ. A lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú kí a tó rí èyí tí kò ní sú olùgbọ́. Iṣẹ́ gidi ni.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1989, Elwood Edwards ka gbólóhùn bíi mélòó kan sórí kásẹ́ẹ̀tì nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó wá di AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú wọn ló ń sọ fún èèyàn pé lẹ́tà ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. 200 dọ́là ni wọ́n fún un. Àìmọye àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló gbọ́ ohùn yẹn, ọdún gorí ọdún. Ká ní àkọsílẹ̀ wà pé ọdún méjì péré ni 200 dọ́là náà rà, wọn ì bá padà wá bá a.

Torí náà, kí ẹ tó dárúkọ owó, ẹ béèrè: ibo ló ń lọ? Títí di ìgbà wo? Ta ló ni ín gan-an? Rédíò kan níbí yàtọ̀ sí tẹlifíṣàn tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń wò. Èyí tó bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀ ti kọjá ẹnubodè Ìgòlò, ó ti dé Èkó.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó sí méjì. Owó ìgbohùnsílẹ̀ wà fún àkókò yín; owó ìlò wà fún etí àwọn èèyàn. Tèmi rèé: 25.000 sẹ́fà fún wákàtí kan ní sítúdíò, ì báà ṣe gbólóhùn kan, ì báà ṣe mẹ́wàá. Rédíò kan fún oṣù mẹ́ta, 25.000 míì lórí ẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè fún ọdún kan, 100.000. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ẹ má da owó méjèèjì pọ̀ láé.

Bí oníbàárà bá ní ó wọ́n, ẹ fún un ní ọjọ́ tó kéré sí i, kí iye yín dúró níbi tó wà: "Àlájì, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jẹ́ ká fi oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ dípò ọdún kan. Bí ọjà bá tà, ẹ padà wá, ẹ ó bá mi níbí."

Ní ti ìwé àdéhùn, èdè Faransé ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "pour tous supports et sans limitation de durée" sí, ìyẹn ni pé wọ́n lè lò ó níbi gbogbo, láìní gbèdéke ọjọ́. Ẹ fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀, ẹ kọ ibi àti ọjọ́ tí ẹ fẹnu kò lé lórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí ibẹ̀. Òfin 2005-30 ti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2006 ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òṣèré ní Benin. BUBEDRA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti òṣèré, ní Kútọnu ló wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù láti lọ bi wọ́n.

Ẹ fi ìlà kan kún un nípa ẹ̀rọ: "Wọn kò gbọdọ̀ fi ohùn yìí kọ́ ẹ̀rọ láti máa sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a ṣe àdéhùn mìíràn." Bev Standing, ará Kánádà, gba ohùn sílẹ̀ lọ́dún 2018 fún iṣẹ́ tí wọ́n ní ti ìtumọ̀ èdè ni. Ìgbà tó yá, orí TikTok ló ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń ka ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún 2021, wọ́n sì parí rẹ̀ láàárín ara wọn lọ́dún náà. Ìyẹn ká mi lára gan-an, nítorí ohùn Yorùbá ni wọ́n ń wá kiri báyìí.

Kí owó tó wọlé, ẹ má fi fáìlì tó mọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èyí tí ẹ ti pe orúkọ yín sáàárín rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìlò máa parí sínú fóònù yín, kí ẹ sì pe oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí ẹ ṣì ń gbọ́ ara yín lórí rédíò, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, ẹ kọ owó ìlò tuntun sínú ìwé, kí ẹ sì fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀.