Bí a ṣe ń yan ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kúkúrú nínú igbó nígbà tí ìrìn àjò bá jìn

Láti gúúsù London dé Glasgow lé ní 400 máìlì. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò bá mú wa lórí márosẹ̀ M6, wákàtí méje sí mẹ́jọ la ó lò nínú ọkọ̀. Ìwé òfin ìrìnnà ìlú yìí, Highway Code, ní kí awakọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, ní wákàtí méjì-méjì. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe é lóòótọ́: a ó yà síbi ìsinmi ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀, a ó tọ̀, a ó ra kọfí, a ó sì tún lọ jókòó sórí àga mìíràn. Ẹsẹ̀ ò nà, ẹ̀yìn ò tú. Bí èmi àti bàbá àwọn ọmọ bá ń lọ wo ọmọbìnrin wa tó ń kàwé ní Glasgow, a máa ń fi kẹ̀kẹ́ rọ́pò ọ̀kan nínú àwọn ìsinmi yẹn. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni mò ń wí, èyí tí táyà rẹ̀ nípọn tó sì léyín, tí a fi ń wọ inú igbó. Ara mi máa ń yá débi pé mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa tó ń rin ọ̀nà yẹn gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a ó yà sí ṣe pàtàkì ju kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ìrìn àjò ló ni ọjọ́ náà. Ọ̀nà igbó tó lókìkí jù ní gbogbo Britain lè jẹ́ èyí tí kò yẹ yín rárá lọ́jọ́ yẹn, bó bá jìnnà sí márosẹ̀, tàbí bó bá gba agbára tí ẹ ó fi wakọ̀ débi tí ẹ ń lọ.

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó wo máàpù. Wákàtí méjì ni tiwa. Kì í ṣe wákàtí méjì lórí kẹ̀kẹ́ o: ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ bá ti kúrò lórí márosẹ̀ ni mo ti ń kà á, títí yóò fi padà sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí igbó náà bá fi ogún ìṣẹ́jú jìnnà sí márosẹ̀, àlọ àti àbọ̀ ti jẹ 40. Ká sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ká pààrọ̀ bàtà, ká fẹ́ táyà, ká lọ sílé ìtura, ká sì tún palẹ̀ ohun gbogbo mọ́ nígbà tí a bá parí, ìyẹn ò lè dín ní ìṣẹ́jú 30. Ó ku 50. Nínú igbó tó ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tí kì í ṣe eléré ìje lè gun kìlómítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá láàárín àkókò yẹn, bí kò bá ń dúró ya fọ́tò. Nítorí náà, ọ̀nà tó bá ti ju kìlómítà 11 lọ, mi ò kà á mọ́, ì báà jẹ́ gbogbo ayé ló ń yìn ín.

Lẹ́yìn aago ló wá kan ibi. Ibi tí mo fẹ́ràn jù lójú ọ̀nà yìí ni Cannock Chase, ní Staffordshire, láàárín Stafford àti Rugeley. Tí a bá kúrò ní London láago mẹ́fà àárọ̀, a ó débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó kọjá dáadáa, ìyẹn gan-an ni àkókò tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Igbó yìí ni wọ́n ti sáré kẹ̀kẹ́ orí òkè nígbà Commonwealth Games ọdún 2022. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Follow the Dog, kìlómítà 11, aláwọ̀ pupa (àwọ̀ ló ń sọ bí ọ̀nà ṣe le tó, màá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú). Òmíràn ń jẹ́ Perry's Trail, aláwọ̀ búlúù, tó jẹ́ ogún tí ìdíje 2022 fi sílẹ̀. Perry ni orúkọ akọ màlúù tó jẹ́ àmì ìdíje náà. Perry's Trail ni kí ẹni tó ń débẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ mú. Ẹ ó tún rí ọ̀nà tó ń jẹ́ The Monkey, tó so mọ́ Follow the Dog. Àwọn méjèèjì papọ̀ lé ní kìlómítà 22. Ó dùn, àmọ́ kì í ṣe ti ọjọ́ ìrìn àjò.

Igbó Whinlatter ní Lake District, ní àríwá England, ni ìkejì. Ní oríta 40 márosẹ̀ M6, ní Penrith, ni ẹ ó ti yà, ẹ ó gba A66 kọjá Keswick, lẹ́yìn náà ẹ ó gun òkè láti abúlé Braithwaite. Ọ̀nà tó ń jẹ́ Quercus níbẹ̀ jẹ́ búlúù, kìlómítà méje ààbọ̀. Altura jẹ́ pupa, kìlómítà 19, ṣùgbọ́n òbìrí méjì ni wọ́n pín in sí, 10 ní àríwá àti 9 ní gúúsù, ilé àbẹ̀wò igbó sì wà láàárín wọn. Ọ̀nà tí wọ́n pín báyìí ni mo máa ń wá káàkiri, nítorí pé bí òjò bá dé, tàbí tí itan bá kọ̀, ẹ ó ti gun òbìrí kan tó pé, ẹ ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yín. Láti òbìrí àríwá, ẹ ó rí òkè Skiddaw lọ́ọ̀ọ́kán. Kìkì pé Whinlatter tó ìdajì wákàtí sí márosẹ̀, nítorí náà wákàtí méjì kì í tó o. Àwọn tó ń bọ̀ láti Manchester tàbí Liverpool ló bá mu jù. Tiwa di ìgbà tí a bá fẹ́ sun oorun ọjọ́ kan ní Penrith.

Ẹni tó bá gbọ́ nípa igbó Glentress, lẹ́bàá Peebles ní Scotland, á fẹ́ yà síbẹ̀. Níbẹ̀ ni eléré kẹ̀kẹ́ Tom Pidcock ti gba ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ orí òkè ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Igbó náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti M74, márosẹ̀ tó lọ sí Glasgow, ó tó ìṣẹ́jú 45 ní àlọ nìkan, ẹ sì ti súnmọ́ Glasgow nígbà yẹn. Ohun kan náà ni mo rí sí igbó Ae lápá òkè Dumfries: kò jìnnà sí márosẹ̀, àmọ́ Ae Line tó gbé orúkọ rẹ̀ ga jẹ́ kìlómítà 24, ilé sì ti ń rùn símú gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ fi ìsinmi kẹ̀kẹ́ sí ìdajì àkọ́kọ́ ìrìn àjò, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń béèrè pé ó ku máìlì mélòó.

Ó wá kan àwọ̀, ibí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ dáadáa. Ní Britain, àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀nà igbó ṣe le tó. Àwọ̀ ewé fẹ̀, ó tẹ́jú, ọmọdé lè gùn ún. Búlúù tóóró díẹ̀, ó ní gegele àti kọ́nà tí kò ba ni lẹ́rù. Pupa ní àpáta, gbòǹgbò igi, àtẹ̀gùn òkúta àti òkè tó ń gba èémí. Dúdú wà fún ẹni tó mọ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń fò lójú òfuurufú. Èyí tó bá jẹ́ tiyín ní ọjọ́ lásán, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele kan sí i lọ́jọ́ ìrìn àjò. Ẹni tó ń gun pupa lọ́jọ́ Sátidé nítòsí ilé rẹ̀, kó gun búlúù. Ẹni tó ń gun búlúù, kó gun àwọ̀ ewé, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ á na ọwọ́ sílẹ̀ kó lè gba ara rẹ̀ dúró, ọrùn ọwọ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Egungun kékeré kan wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, scaphoid la ń pè é. Ó lè sán, kí àwòrán X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ má sì fi í hàn. Ẹni tí ibẹ̀ bá ń dùn kò lè yí sítíárìn bó ṣe yẹ, kò sì gbọdọ̀ gbìyànjú rẹ̀ lórí márosẹ̀. Ta ló máa wakọ̀ tó kù? Bí ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ yín bá wà lórí ẹnì kan ṣoṣo, ẹni yẹn ni kí ẹ fi agbára rẹ̀ yan àwọ̀, kì í ṣe èyí tó mọ̀ ọ́n gùn jù. Bàbá àwọn ọmọ sáré jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ búlúù la jọ ń gùn bí ó bá jẹ́ òun ló kàn láti wakọ̀ lẹ́yìn náà.

Ara tó ti jókòó fún wákàtí mẹ́ta kì í ṣe ara tó jí láàárọ̀. Ìbàdí ti le, ọrùn ti gan, ojú ti mọ́ ọ̀nà títẹ́jú lára. Ẹ yan ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ títẹ́jú tàbí òkè tí kò ga, kí ẹsẹ̀ lè gbóná kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dé. Bí ọ̀nà tó wà níbẹ̀ bá dà sísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ bọ̀ lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ agégẹdú ń gbà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ dán bíréèkì méjèèjì wò níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ oorun ló ń kùn yín, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ rárá. Kẹ̀kẹ́ ń tú ẹ̀yìn tó le, kì í san gbèsè oorun. Mo ń sọ ọ́ fún àwa tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù àti ní ilé ìtọ́jú arúgbó, tí a máa ń fẹ́ ti ibi iṣẹ́ bọ́ sínú ọkọ̀ lọ sí òde ìnáwó. Ife kọfí méjì àti oorun ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, ni Highway Code dá lábàá, níbi tí ọkọ̀ ti lè dúró láìséwu, kì í ṣe létí márosẹ̀.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ wo ojú ìwé àwọn tó ni igbó náà, Forestry England tàbí Forestry and Land Scotland, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ti ti ọ̀nà kan pa. Wọ́n máa ń gé igi, ìjì sì máa ń wó o. Ìjì Arwen ti oṣù kọkànlá ọdún 2021 wó igi rẹpẹtẹ ní Scotland àti àríwá England. Bí ẹ bá rí pátákó pé ọ̀nà ti wà ní títì, ẹ padà, torí ẹ̀rọ tó ń gé igi kì í rí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú pẹ̀lú: ní oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní àríwá, nínú igbó ó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà mí lórí ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ni mo máa ń sá fún, nítorí pé táyà ń bà á jẹ́, fífọ kẹ̀kẹ́ sì lè jẹ ìdajì wákàtí tí a ò ní.

Bí ẹ bá fẹ́ gun ọ̀nà tí kì í ṣe ti àwọn ilé àbẹ̀wò igbó yìí, ẹ mọ̀ pé òfin ò dọ́gba. Ní England àti Wales, láti ọdún 1968, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí bridleway, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, èyí tí ọfà búlúù ń tọ́ka. Ọfà yẹ́lò jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 gbà yín láàyè ní ibi tó pọ̀ jù, bí ẹ bá ti ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Fóònù lè má mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ fi máàpù pamọ́ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe fún ìrànlọ́wọ́ níbi tí ìpè ò bá ti wọlé. Ẹ mú tíúùbù kan, pọ́ǹpù, àwọn kọ́kọ́rọ́ ìtú kẹ̀kẹ́ àti omi. Akoto kò ṣeé fi sílé. Oúnjẹ tiwa ni mọ́ínmọ́ín tútù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìdajì kí a tó gùn, ìdajì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ iyán kí ẹ tó gun òkè. Ẹ kó ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ àti àpò ọ̀rá fún bàtà ẹlẹ́rẹ̀ dání.

Bí àyè bá wà, inú búùtù ni kí kẹ̀kẹ́ wà, kí ẹ tú táyà iwájú, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó. Èyí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ máa ń fa ojú olè, ẹ má fi í sílẹ̀ kí gbogbo yín jọ wọlé lọ ra tíì. Bí ó bá bo nọ́ńbà tàbí iná ẹ̀yìn ọkọ̀, òfin ní kí ẹ gbé pátákó nọ́ńbà àti iná mìíràn kọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí a bá parí, a máa ń fún ara wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí àyà rọlẹ̀, kí òógùn gbẹ. Ẹni tó máa wakọ̀ á na ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kejì á fa gbogbo okùn tó di kẹ̀kẹ́ mú wò, á sì pe Glasgow pé ó ku bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ láti Cannock, kí wọ́n má tíì gbé omi ẹ̀bà kaná.