Bí Mo Ṣe Ra Hẹ́dífóònù fún Ọ̀rẹ́ Mi Tí Ó Fẹ́ràn Dàdàkúàdà

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ọ̀fà, olùkọ́ ni, a sì ti jọ ń bọ̀ láti ìgbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò sí ohun tí ó fẹ́ràn tó dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Ìlọrin, pàápàá àwọn orin àtijọ́ ti olóògbé Odòláyé Àrẹ̀mú, ọmọ Ìlọrin tí ó jáde láyé ní ọdún 1997. Nígbà tí ó ku oṣù kan kí ọ̀rẹ́ mi pé ẹni ogójì ọdún, mo pinnu pé hẹ́dífóònù gidi ni n ó fi ta á lọ́rẹ, nítorí pé íàpíìsì kékeré tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní gáréèjì ni ó ń lò, etí kan rẹ̀ sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí n tó na kọ́bọ̀, mo lọ kí i ní ọjọ́ Àìkú kan láti Ìlọrin, mo sì fara balẹ̀ wo bí ó ṣe ń gbọ́ orin. Alẹ́ ni ó máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ó sì máa ń jókòó sí pálọ̀ tí kò jìnnà sí yàrá wọn. Awò kì í kúrò lójú rẹ̀. Mo tọrọ fóònù rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ pe ènìyàn, mo sì rí i pé ihò róbótó tí a ń ki wáyà bọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Bí n kò bá ṣe ìbẹ̀wò yẹn ni, ohun tí ó wù mí ni mi ò bá rà, kì í ṣe ohun tí yóò wúlò fún un.

Ẹni tí ó bá mọ dàdàkúàdà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni orin náà, ìlù kàn ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Oríkì ń gun orí òwe, ohùn Ìlọrin ń sáré, bí gbólóhùn kan bá sì bọ́ mọ́ ènìyàn létí, èyí tí ó tẹ̀lé e lè má yé e mọ́. Nítorí náà, ohun tí mo ń wá ni hẹ́dífóònù tí yóò jẹ́ kí ohùn ènìyàn hàn ketekete. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo yà sí, bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tí ó ń dún kìì, ni ọmọkùnrin tí ó ń tajà ń polówó fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀sì yìí ná, ó ń mì tìtì!” Orin àwọn ọ̀dọ́ ni ó fi dán an wò, ó sì dùn lóòótọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n lo fóònù tèmi. Bí mo ṣe tẹ orin dàdàkúàdà, ìlù bo olórin mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò.

Ìkánjú ni ó kó bá mi lẹ́yìn ìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn tí n kò ní dárúkọ, mo san ₦15,000 fún ọ̀kan tí páálí rẹ̀ dára, n kò sì dán an wò dáadáa nítorí pé ọjọ́ ti lọ. Ilé ni mo ti mọ̀ pé ayédèrú ni. Púpọ̀ nínú àwo orin àtijọ́ ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní mono, ìyẹn ni pé ohùn kan náà ni ó ń wọ etí ọ̀tún àti etí òsì, nítorí náà, bí hẹ́dífóònù bá pé, àárín orí gan-an ni olórin máa ń dúró sí létí ẹni tí ó dé e. Nínú èyí tí mo rà, apá òsì ni olórin fì sí. Mo yí hẹ́dífóònù náà padà lórí, olórin sì ṣí lọ sí ọ̀tún. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe etí mi ni ó ní àbùkù. Ẹni tí ó tà á kọ̀ láti dá owó mi padà, ó sì dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi orin mono dán hẹ́dífóònù wò kí n tó sanwó.

Mo tún wá kọ́ láti ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí. Òǹkà ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná tí ń wọ inú rẹ̀, ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí fóònù ni yóò fi gbọ́ orin, nítorí pé bí òǹkà náà bá ti ga jù, fóònù kì í lágbára tó láti gbé ohùn rẹ̀ sókè. Àpẹẹrẹ kan ni DT 770 Pro ti ilé iṣẹ́ Beyerdynamic ní Jámánì, tí wọ́n ń ṣe ní 32, 80 àti 250 ohm. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ti 250 yóò nílò ẹ̀rọ amúhùngbilẹ̀ (amplifier) pẹ̀lú rẹ̀. Ní ti òǹkà Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí, n kò kà á sí, nítorí pé etí ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20 Hz sí 20,000 Hz lọ, bí a sì ti ń dàgbà ni ti òkè ń dín kù.

Oníwáyà ni mo yàn. Bluetooth rọrùn, ṣùgbọ́n bátìrì inú rẹ̀ yóò gbó lọ́jọ́ kan, iná ọba kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Mo mú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, kí orin má baà jáde lọ jí àwọn ọmọ, tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, kí ó lè pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá já. Aṣọ ni wọ́n fi bo tìmùtìmù etí rẹ̀, nítorí pé awọ àtọwọ́dá máa ń bó nínú ooru wa. Mo dé e fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú awò tèmi lójú, kò sì tẹ ọwọ́ awò náà mọ́ mi létí. Olórin dúró sí àárín gbọnrangandan, mo sì gbọ́ bí ó ṣe mí sínú kí ó tó lé orin. Ohm 32 ni, ₦42,000 ni mo sì san.

Nígbà tí mo gbé e fún un, mo sọ fún un pé kí ó má ṣe ká a sókè jù, nítorí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe kọjá wákàtí ogójì lọ́sẹ̀ bí ohùn bá wà ní 80 decibel, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó. Ó kàn mi orí ni, ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì dé e.

Aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tí ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Ó ní gbólóhùn kan wà nínú orin tí òun fẹ́ràn jù tí òun ti ń gbọ́ sí òdì láti kékeré, pé alẹ́ yìí gan-an ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí olórin ń kì níbẹ̀.